Ta Ni Kí A Fún Ní Fèrè?

  Ẹni tó ń gbáradì fún ìdánwò, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó yege. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ dá ìwé rẹ̀ padà pé kó lọ tún un kọ, kó má bara jẹ́. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, a fẹnu kò pé kí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè bá àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn figa gbága nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ gbogbo wa. Ọmọbìnrin méjìlá forúkọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó wá kan ta ni yóò jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, a dárúkọ ènìyàn mẹ́ta. Ọkùnrin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, èkejì ń sáré, ẹ̀kẹta, kí n má parọ́, orí tẹlifíṣọ̀n ló ti ń gbá tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ arábìnrin kan jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá fèrèsé, tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì rẹ̀ ní Nàìjíríà fún ọdún mẹ́ta gbáko. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tó nawọ́ fún ẹ̀kẹta yẹn, nítorí pé ọ̀rẹ́ mi ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àkókò tí wọ́n fún wa nínú gbọ̀ngàn pé, tí wọ́n ní ká máa lọ, ni a fi sún ìdìbò sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí àǹtí mi ní Dagenham, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Heathway. Ẹ mọ bí ilé Yorùbá ṣe ń rí lọ́jọ́ Àìkú: ìrẹsì ń bẹ lórí iná, gbogbo wa kóra jọ sí pálọ̀, ẹni kan ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé kó gba etí dé Ìbàdàn láìsí wáyà. Àbúrò mi, ọmọ àǹtí mi, tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní ilé ìwé rẹ̀, gbọ́ ohun tí mo ń sọ nípa ikọ̀ tuntun wa. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá bi mí pé, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹni tí ẹ fẹ́ kó máa kọ́ wọn ti gbá a rí?"

Mo wá ọ̀rọ̀ sọ, n kò rí. Àǹtí mi ló gbà mí sílẹ̀, àbí kí n ní òun ló tún ti ọ̀ràn mìíràn bọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Bá mi sọ fún un kó dojú kọ ìwé rẹ̀. Ìdánwò ń bọ̀, bọ́ọ̀lù ló ń gbé kiri. Tó bá pé ọgbọ̀n ọdún, tí orúnkún ò gbé e mọ́, kí ló fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe?"

Ìbéèrè méjì nìyẹn nínú ilé kan ṣoṣo, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ ń béèrè pé ta ló yẹ kó kọ́ òun. Ìyá ń béèrè pé níbo ni eré yìí ń gbé ọmọ òun lọ. Mo ronú lé wọn lórí títí mo fi délé mi ní Barking. Ó wá dà bíi pé ìgbésí ayé obìnrin kan ló dáhùn ìbéèrè méjèèjì pọ̀. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Orúkọ rẹ̀ ni Rena Wakama. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni, ìyẹn náà sì tó wa. Ọdún 1992 ni wọ́n bí i. Amẹ́ríkà ló dàgbà sí, ní Ìpínlẹ̀ North Carolina, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣe ń dàgbà ní Barking àti Dagenham níhìn-ín, tí ilé jẹ́ Nàìjíríà, tí ìta jẹ́ ìlú onílùú. Ó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Western Carolina University, ó sì gboyè jáde níbẹ̀. Kí àǹtí mi fi ìyẹn sọ́kàn: inú ọgbà kan náà ló ti gbá bọ́ọ̀lù, tó sì ti kàwé.

Ní ọdún 2015 ó wọ ẹ̀wù Nàìjíríà. Ikọ̀ obìnrin wa, tí a ń pè ní D'Tigress, lọ sí Yaoundé ní Cameroon fún ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì gba ipò kẹta. Wakama wà lára wọn. Ẹ má rò pé òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ wa tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lónìí kò mọ̀ ọ́n rí kí ó tó fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀.

Ibi tí ó fi í sílẹ̀ gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó wọṣẹ́ nídìí ikọ̀ àwọn obìnrin ní Manhattan College ní New York, lẹ́yìn náà ó lọ sí Stony Brook University ní Long Island. Iṣẹ́ abẹ́lé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òǹwòran kì í rí i. Ẹ̀yin tó wà nídìí ikọ̀ ni yóò mọ ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀, ilé tí wọn yóò sùn, oúnjẹ tí wọn yóò jẹ. Ẹ̀yin ni yóò jókòó ti fídíò lóru láti wo bí ikọ̀ kejì ṣe ń ṣe, kí ẹ lè sọ fún ọ̀gá yín láàárọ̀. Ẹ̀yin ni ọmọ tí inú rẹ̀ bà jẹ́ yóò wá bá sunkún. A mọ irú ẹ̀ nílé. Ẹni tó fẹ́ di télọ̀ yóò kọ́kọ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò fa bọ́tìnnì, yóò lọ aṣọ, kí ọ̀gá tó jẹ́ kó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tó bá gba fírídọ́ọ̀mù, gbogbo ará àdúgbò ni yóò wá jẹ ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò sí nínú wọn tó mọ iye ìgbà tó ti fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Fírídọ́ọ̀mù Wakama dé ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ó pé ẹni ọdún 31 nígbà náà. Nàìjíríà fi í ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá D'Tigress, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Kò sì bá ilé rere. Ní ọdún 2022, nítorí ìjà tó wà nínú àkóso eré básíkẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, ìjọba kéde pé orílẹ̀-èdè wa kò ní kópa nínú ìdíje àgbáyé kankan nínú eré náà fún ọdún méjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí ìpinnu náà padà, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ti yege fún ìdíje àgbáyé ti ọdún náà ní Sydney kò lọ. Àwọn alákòóso eré lágbàáyé fi Mali rọ́pò wọn. Ẹ ronú lé e wò: kí ènìyàn làágùn títí, kó jẹ ìjà tirẹ̀ lórí pápá, kí àwọn tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù wá pàdánù rẹ̀ fún un nínú ọ́fíìsì.

Irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó lé Wakama lọ́wọ́. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019 àti 2021, nítorí náà bó bá pàdánù, òun ni wọn yóò dárúkọ. Láàárín oṣù méjì péré tó débẹ̀, ó kó wọn lọ sí Kigali ní Rwanda. Wọ́n na Senegal ní àṣekágbá, 84 sí 74. Ife kẹrin léraléra nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n lọ sí Antwerp ní Belgium láti wá àyè sí Òlíńpíìkì. Amẹ́ríkà lù wọ́n bí ẹni lu bàrà níbẹ̀: 100 sí 46. Síbẹ̀ wọ́n na Senegal, wọ́n sì rí àyè gbà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn ì bá gbàgbé ọjọ́ burúkú yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín o, nítorí a óò padà pàdé Amẹ́ríkà.

Oṣù keje ọdún náà, Òlíńpíìkì dé, ní Paris. Ní alẹ́ ayẹyẹ ìbẹ̀rẹ̀, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Seine, ìròyìn jáde pé wọn kò jẹ́ kí D'Tigress wọ ọkọ̀ Nàìjíríà, wọ́n ní èrò ti pọ̀ jù. Àwọn ọmọ tó wá ṣojú wa padà sí ibùdó wọn, wọ́n jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí a kò pè sí àsè. Ọjọ́ kẹta, wọ́n jáde sí Australia ní Lille. Australia yìí wà lára àwọn alágbára mẹ́ta àkọ́kọ́ lágbàáyé, àwọn náà ló sì padà gba ipò kẹta ní Òlíńpíìkì yẹn. Nàìjíríà nà wọ́n, 75 sí 62.

Kí ẹ lè mọ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣe tó: ikọ̀ obìnrin wa ti lọ sí Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìyẹn, ní Athens ní 2004 àti ní Tokyo ní 2021. Nínú gbogbo eré tí wọ́n gbá níbi méjèèjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ, nígbà tí wọ́n na Korea Gúúsù 68 sí 64 ní Athens. Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́yìn Australia, ilẹ̀ Faransé nà wọ́n 75 sí 54. Ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé ó tán nìyẹn. Wọ́n dìde, wọ́n na Canada 79 sí 70, wọ́n sì wọ ìpele tí ikọ̀ mẹ́jọ kù sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Òlíńpíìkì, kò sí ikọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kankan, ì báà jẹ́ ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tó dé ìpele náà rí. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ dé e: Ezinne Kalu, Promise Amukamara, Elizabeth Balogun àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ta ni wọ́n pàdé níbẹ̀? Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà jẹ, 88 sí 74, kò yani lẹ́nu; àwọn náà ló gba ife wúrà níkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ní oṣù kejì, àmì 54 ló wà láàárín wọn. Ní oṣù kẹjọ, àmì 14. Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹnì kan jókòó, ó wo ibi tí ilé ti ń jò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Nígbà tí ìdíje náà parí, Wakama ni wọ́n yàn ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ nínú eré àwọn obìnrin. Ẹni ọdún 32 ni. Ní ọdún 2025 ó lọ ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Chicago Sky, nínú líìgì àwọn obìnrin tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún kan náà, ó kó D'Tigress lọ sí Abidjan, wọ́n na Mali 78 sí 64 ní àṣekágbá, wọ́n sì gba ife Áfíríkà kárùn-ún léraléra. Ààrẹ Tinubu ṣèlérí ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000, fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, àti 50,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó ń kọ́ wọn, pẹ̀lú oyè orílẹ̀-èdè àti ilé gbígbé. Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ọgbọ̀n ọdún ti kọjá lórí rẹ̀ nígbà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tilẹ̀ ń ṣe, ṣebí àwọn tó wà lórí pápá ló ń sọ bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ó dára. Ìṣẹ́jú 40 ni eré náà lágbàáyé, ìṣẹ́jú 10 lọ́nà mẹ́rin. Ikọ̀ tó bá gba bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú àáyá 24 péré láti gbìyànjú àtisọ ọ́ sáwọ̀n. Ní ìdajì àkọ́kọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá lè dá eré dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìdajì kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìṣẹ́jú kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ló ní láti fi dá eré dúró kó sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, yóò mọ ẹni tó yẹ kó bá wí àti ẹni tó yẹ kó gbà níyànjú, ẹni tó rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ, àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó ń fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò dúró níbẹ̀ rí, tí àyà rẹ̀ kò já rí nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kù, yóò ka ìwé títí kó tó mọ ìyẹn.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà, pé Paris kì í ṣe tiwa. Ẹni tó bá wà ní Barking, kó wọ ọkọ̀ District, kó sọ̀ ní West Ham, kó wọ Jubilee, ibùdó kan péré, ó dé Stratford. Níbẹ̀ ni gbọ̀ngàn Copper Box wà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin London Lions ti ń gbá eré wọn nígbà tí wọ́n gba ife EuroCup ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kò sí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Britain kankan tó gba ife ilẹ̀ Yúróòpù rí ṣáájú wọn. Ọmọ wa, Temi Fagbenle, tó jáde ní Harvard, tó sì gbá fún Britain ní Òlíńpíìkì London ní 2012, wà nínú ikọ̀ yẹn. Ta ló ń kọ́ wọn? Styliani Kaltsidou, obìnrin ará Gíríìsì tó ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí. Ní àdúgbò wa gan-an, ilé ìwé Barking Abbey ní ètò básíkẹ́ẹ̀tì tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ilẹ̀ yìí, ikọ̀ àwọn obìnrin rẹ̀ sì ti kópa rí nínú líìgì àgbà àwọn obìnrin Britain. Àwọn ọmọ tí a ń pàdé lórí Ripple Road pẹ̀lú bàgì ńlá lẹ́yìn, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rìn gbéregbère.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní Dagenham tí n kò lè ṣe kí n má fi kún un, nítorí òun ló jẹ́ kí ojú tì mí. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1968, obìnrin 187 tó ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ ìjókòó mọ́tò ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ló fà á? Wọ́n ti to iṣẹ́ wọn sí ìsọ̀rí àwọn iṣẹ́ tí kò gba ọgbọ́n ọwọ́, wọ́n sì ń san ìpín 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ọkùnrin ń gbà ní ìsọ̀rí kan náà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ lò dáadáa kí wọ́n tó gbà á. Ìyanṣẹ́lódì náà dá ilé iṣẹ́ dúró. Barbara Castle, obìnrin tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà náà, dá sí i, wọ́n sì gbé owó wọn dé ìpín 92. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1970 lórí owó oṣù ọgbọọgba. Gbogbo ayé mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe owó nìkan ni àwọn obìnrin náà ń jà fún. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni iṣẹ́ àwọn. Ọdún 1984 ni wọ́n tó rí ìyẹn gbà, lẹ́yìn tí wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 16!

Nígbà tí mo ka ìtàn náà tán, mo bi ara mi pé, kí ni ìyàtọ̀ àwọn tó to àwọn obìnrin yẹn sí ìsọ̀rí aláìmọṣẹ́ àti èmi tí mo nawọ́ fún ọ̀rẹ́ mi? Arábìnrin wa fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi fi ọdún mẹ́ta wo tẹlifíṣọ̀n. A sọ wọ́n di ọgbọọgba, àní a tún fi èyí tó ń wòran ṣáájú.

Mo lọ bá arábìnrin náà. Mo bi í pé ṣé ó lè kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Ó ní òun lè ṣe é. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ ò bi mí."

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo ju gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi mí gbọ́. N kò sọ pé obìnrin nìkan ló lè kọ́ obìnrin. Ọkùnrin ló kọ́ D'Tigress nígbà tí wọ́n gba ife 2017, ọkùnrin náà ni ní 2019 àti 2021, wọ́n sì ṣe é dáadáa. N kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gbá a rí ló lè kọ́ni. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ọbẹ̀ jẹ ló mọ̀ ọ́n sè, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n sè ló ní sùúrù láti kọ́ ọmọ ní ìdáná. Gbígbá a kò sọ Wakama di ọ̀gá. Gbígbá tó gbá a, tó tún padà lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a wo ohun tí ènìyàn mọ̀ kí a tó wo ẹni tó jẹ́. A ní kí obìnrin wá sáré, kó làágùn, kó fi orúnkún ṣèṣe, lẹ́yìn náà ká lọ wá ọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ wá gbé fèrè lé lọ́wọ́. Ilé tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ yóò rò pé eré ń parí lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ bá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀rù tó ń ba àǹtí mi. Àṣìṣe wa ló ń bí ìbẹ̀rù wọn.

Nítorí náà, mo ní ìmọ̀ràn mẹ́ta fún ìpàdé tó ń bọ̀. Èkíní, kí a béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ipò náà, lọ́kùnrin lóbìnrin: ṣé o ti gbá a rí, ṣé o ti kọ́ ẹnikẹ́ni rí, ṣé wàá máa wá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kódà bí òjò London bá ń rọ̀? Èkejì, kí a pe arábìnrin wa lórúkọ, kí a ní kó wá síwájú. Ẹ̀kẹta, ẹni yòówù tí a bá yàn, kí ẹgbẹ́ san owó rẹ̀ láti inú àpò wa kó lọ gba ẹ̀kọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ìpele kìn-ín-ní lọ́dọ̀ Basketball England, kó lè mú ìwé ẹ̀rí wálé. Owó tí a fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò níbi ayẹyẹ tó kọjá, bí a bá dín in kù díẹ̀, yóò ran ìyẹn lọ́wọ́. Akápò, ẹ má bínú sí mi.

Ní tèmi, mo ti lọ bá ọ̀rẹ́ mi, mo ti sọ fún un pé n kò ní nawọ́ fún un mọ́. Mo rò pé ìjà yóò dé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ti ń ronú ohun tí òun fẹ́ kọ́ àwọn ènìyàn tó mọ̀ ọ́n ju òun lọ, pé òun yóò kúkú máa bá wọn gbé omi. Ipò gidi ni ìyẹn náà. Wakama bẹ̀rẹ̀ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àǹtí mi, mo ka ìtàn yìí fún wọn lórí fóònù lálẹ́ àná, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n gbọ́ ọ láìsọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà wọn. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní ìwé ni àkọ́kọ́ o, àwọn kò yí ọ̀rọ̀ àwọn padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Níbo tilẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí? Aago mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

Mo sọ fún wọn. Mo gbọ́ igbe ayọ̀ ọmọ kan lẹ́yìn wọn.

Ẹ má pẹ́ dé ìpàdé o. Ó dìgbà kan ná.